Èèdì Ọdún Kejì: Ṣé Kọ́tábáàkì Ọ̀dọ́ Lè Yẹ̀ Ẹ́ Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti ọmọ Yorùbá sọ ní Houston nìyí. Mo ti gé àwàdà ibẹ̀ kù díẹ̀, nítorí àwàdà ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lórí ìwé.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 2023. Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Houston, ń bá Tampa Bay gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú yìí. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó fún Texans fara pa, kò sì sí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Ni wọ́n bá ti Dare Ogunbowale síwájú, ẹni tó jẹ́ pé gbígbé bọ́ọ̀lù sáré ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbá a láti yáàdì 29, ó sì gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Ẹ̀yin náà mọ ariwo tí a pa nítorí orúkọ Ògúnbọ̀wálé tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ ni mo bá wá. Àwọn kọ́tábáàkì méjì, àwọn tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wọn, tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà ni. C.J. Stroud ti Texans ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 470. Kò tíì sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NFL, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó ju tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kan. 433 ti Andrew Luck ní 2012 ló wà lókè tẹ́lẹ̀. Touchdown (bọ́ọ̀lù tó dé ìparí pápá ọ̀tá, tó sì mú àmì wá) márùn-ún ló jù, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré nígbà tó ju ìkarùn-ún sí Tank Dell, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀. Houston 39, Tampa Bay 37. Ní òdìkejì pápá, Baker Mayfield dúró, ó ń wò ó. Ní 2018, Mayfield ni ọmọ tuntun tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní Cleveland: touchdown 27, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì jù rí ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ títí di ìgbà náà. Nígbà tó di ọdún kejì, bọ́ọ̀lù 21 ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Stroud náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí Mayfield gbọ́.

Fún ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ẹ mọ̀ (ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ti ibí yìí, wọ́n ṣì ń pè é ní bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀, ẹ má bi mí): kọ́tábáàkì ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ wo bí ọ̀tá ṣe tò, kí ó mọ èyí tó ń tan òun jẹ, kí ó jù ú sí ẹni tó yẹ. Àwọn òmìrán márùn-ún ló dúró bí ògiri níwájú rẹ̀. Bí ògiri bá wó, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù ni mo pè ní èèdì ọdún kejì: ọmọdé á tàn bí òṣùpá ní sáà àkọ́kọ́, á wá ṣókùnkùn ní èkejì. Ẹ wo bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá já gbà lọ́wọ́ wọn. Robert Griffin ní Washington, márùn-ún ní 2012, 12 ní 2013. Dak Prescott ní Dallas, mẹ́rin ní 2016, 13 ní 2017. Stroud fúnra rẹ̀, márùn-ún ní 2023, 12 ní 2024. Ẹni tó bá rí i báyìí á ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Èmi ò gbà pé ayé kankan ń ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí lúdò tí a máa ń ta lábẹ́ igi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bí ẹnìkan bá ju síìsì-síìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, kí ni ẹ rò pé yóò jù lẹ́ẹ̀kẹrin? Ohun tí gbogbo wa ń jù ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà. Oríire ló kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́, oríire kì í sì í bá ènìyàn sùn bá a jí. Francis Galton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1886, kì í ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú gíga òbí àti ọmọ ni: ọmọ àwọn tó ga gogoro sábà máa ń ga, ṣùgbọ́n kì í sábà ga tó àwọn tó bí i. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan.

Nínú gbogbo iye tí wọ́n ń kà fún kọ́tábáàkì, bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá já gbà ló fara jọ lúdò jù. Ọmọ náà lè jù ú burúkú, kí ó ba àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tá kí ó sì já bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún lè jù ú dáadáa, kí ó ta níkà ẹnìkejì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n á kọ ọ́ sí. Nígbà tí Prescott wọ líìgì, ó ju bọ́ọ̀lù 176 kí ọ̀tá tó já ẹyọ kan gbà, a sì ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Stroud dé, ó kọjá ibẹ̀. Ẹ wá wo àwọn méjèèjì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gun orí igi tó ga jù, ibo ni a fẹ́ kó gbà bí kò ṣe ìsàlẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni pé ọdún kejì gan-an kọ́ ni wàhálà náà. Nick Foles kò ṣe bẹbẹ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Philadelphia. Ọdún kejì, 2013, ló ju touchdown 27 tí ọ̀tá já méjì péré gbà. Ní 2014, ó di 13, ọ̀tá já mẹ́wàá gbà. Ṣé èèdì ọdún kẹta ni ká pe ìyẹn? Dan Marino ju touchdown 48 ní 1984 tó jẹ́ sáà kejì rẹ̀, ó já sí 30 ní 1985. Àgbà ni Peyton Manning ní 2004 nígbà tó ju 49. 28 ló jù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Patrick Mahomes, 50 ní 2018, 26 ní 2019, ife Super Bowl, èyí tó ga jù ní NFL, ló sì gbà ní ìparí sáà tí a ní ó ti já wálẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ọdún ńlá ni ọdún kékeré ń wà. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ọdún ńlá rẹ̀ bá jẹ́ àkọ́kọ́ ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu, nítorí a kò mọ ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí ọdún àkọ́kọ́ wọn burú ńkọ́? Jared Goff bẹ̀rẹ̀ ìdíje méje fún Rams ní 2016, ó pàdánù méjèèje. Lọ́dún kejì, touchdown 28, ọ̀tá já méje gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdíje 11. Trevor Lawrence ní Jacksonville, touchdown 12, ọ̀tá já 17 gbà ní 2021. Ní 2022, ó di 25 sí mẹ́jọ. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fún irú èyí ní orúkọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ ìṣubú rẹ̀?

Síbẹ̀, bí mo bá ní oríire nìkan ni, mo ti purọ́ fún yín. Àwọn ọ̀tá náà kì í sùn. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹsàn-án, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ yòókù á jókòó ti fídíò ọmọ náà, wọ́n á wo gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù. Ibo ló máa ń kọ́kọ́ wò? Kí ló máa ń ṣe bí ènìyàn mẹ́fà bá rọ́ lù ú dípò mẹ́rin? Ṣé ó máa ń sá sí ọ̀tún? Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Bí wọ́n bá rí i pé bọ́ọ̀lù gígùn ló fẹ́ràn, wọ́n á fi ẹni méjì ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, wọ́n á sọ fún un pé máa mú èyí tó kúrú. Ọmọdé tí ara rẹ̀ ń gbóná kì í fẹ́ mú èyí tó kúrú. Sùúrù yìí ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ kọ́tábáàkì fúnra rẹ̀, òun sì ni ohun tó ṣòroó kọ́ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu mi jù ni ògiri yẹn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2017, Dallas lọ bá Atlanta nílé. Tyron Smith, òmìrán tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Prescott ní ọwọ́ òsì, fara pa, kò gbá. Ezekiel Elliott tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré náà kò sí níbẹ̀. Líìgì ti dá a dúró fún ìdíje mẹ́fà. Wọ́n fi ẹlòmíràn dí ààyè Smith. Adrian Clayborn láti Atlanta gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Òun nìkan gbé Prescott ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ìdíje sì parí sí 27 sí 7. Bí ẹ bá ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rò pé Prescott ló gbàgbé iṣẹ́. Ẹ gbé àgbà ọ̀jẹ̀ kọ́tábáàkì sẹ́yìn ògiri yẹn lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ náà ni yóò máa bá ara rẹ̀.

Bákan náà ni ti Mayfield. Kí sáà 2019 tó bẹ̀rẹ̀, Cleveland fi Kevin Zeitler, ọ̀kan pàtàkì nínú ògiri wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí New York. Wọ́n mú Odell Beckham, gbajúmọ̀ tó máa ń gba bọ́ọ̀lù tí kọ́tábáàkì bá jù, wálé, gbogbo ìlú ń jó. Èyí á yé ẹ̀yin ìyá wa: èèyàn ra aṣọ àrán, òrùlé ń jò. Stroud náà, ìgbà 38 ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ ní 2023. Ní 2024 ó di 52. Stefon Diggs tí wọ́n mú wá láti máa gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ fara pa lórúnkún ní oṣù kẹwàá, Tank Dell ní oṣù kejìlá. Nígbà tí wọ́n bá Kansas City pàdé ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n tún gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Àti pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ìdíje mẹ́wàá ni Texans borí nínú 17, iye kan náà bíi ti ọdún tó ṣáájú, wọ́n sì tún borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ lẹ́yìn sáà. Ìṣubú wo wá nìyẹn?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ní tirẹ̀. Mac Jones ṣe dáadáa ní New England ní 2021 lábẹ́ Josh McDaniels. McDaniels lọ, wọ́n sì gbé ètò ìkọlù lé Matt Patricia lọ́wọ́, ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ níbẹ̀ nídìí ìdènà. Touchdown 22 di 14. Ó dà bí ẹni tó ní kí alágbẹ̀dẹ wá rán aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé èyí lé orí jù, nítorí Justin Herbert wà. Ó ju touchdown 31 ní 2020, ó gba ipò ẹni tó ju touchdown jù ní ọdún àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Mayfield. Lọ́dún kejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà yí padà, ẹni tó ń ṣètò ìkọlù yí padà. Herbert ju touchdown 38, yáàdì 5,014. Kí ni Chargers ṣe láàárín ọdún méjèèjì? Wọ́n sanwó fún Corey Linsley láti wá dúró ní àárín ògiri, wọ́n sì fi ìṣàyàn àkọ́kọ́ wọn láàárín àwọn ọmọ tuntun mú Rashawn Slater láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti sọ ohun tí èmi á fi owó rà.

Ti Griffin yàtọ̀, ó sì dùn mí. Yáàdì 815 ló fi ẹsẹ̀ sá ní 2012. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún kí wọ́n tó pàdé Seattle ní oṣù kìíní 2013, síbẹ̀ ó wà lórí pápá títí orúnkún náà fi já. Ní 2013 ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje 13, ó borí nínú mẹ́ta. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lúdò, kì í ṣe ti fídíò. Àgbàlagbà ló yẹ kó sọ fún ọmọdé pé ó tó, jókòó.

Àbúrò kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé rẹ̀ nàró, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn tààrà. Ṣé ó lè yẹ̀ ẹ́ àbí kò lè yẹ̀ ẹ́?” Mo ní bí ọdún àkọ́kọ́ rẹ bá ga ju agbára rẹ lọ, iye yẹn á wálẹ̀, àdúrà kò dá a dúró. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ ni kí o mú bọ́ọ̀lù kúkúrú nígbà tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, kí o ju èyí tí kò dára síta, kí o fìdí yọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọlù ọ́. Ìyókù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ènìyàn ló wà. Ìyá rẹ̀ ní òun kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, ìwé ni kó lọ kà. A rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan bi mí pé Mayfield tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Cleveland jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 2022. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló dé láàárín oṣù díẹ̀. Lọ́dún tó ń wo Stroud láti òdìkejì pápá yẹn, yáàdì 4,044 lòun náà jù fún Tampa Bay. Ní 2024 tó jẹ́ ọdún keje rẹ̀, touchdown 41.