Ṣé Ọkọ̀ Nílò Páànù Ẹ̀yìn Díìsìkì Búrẹ́ẹ̀kì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ dákun, ẹ tẹ́tí sí ariwo yìí ná: irin ló ń họ irin. Ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí kòtò ni, ẹni tó ni ín sì rò pé páàdì búrẹ́ẹ̀kì ti jẹ tán. Páàdì ò jẹ. A ti tú táyà, ẹ wo ẹ̀yìn díìsìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ló tẹ̀, tó ń fara kan díìsìkì bó ṣe ń yí. Mo ki ẹnu sukudiráífà bọ̀ ọ́, mo rọra fà á sẹ́yìn, mo fọwọ́ yí díìsìkì wò. Ariwo ti lọ. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò ní fà á sẹ́yìn. Gígé ni wọ́n máa gé e dànù: “Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú, búrẹ́ẹ̀kì yín á ṣì máa mú.” Wọn ò parọ́. Páàdì méjì tí kálípà, ìyẹn irin tó gbá wọn mú, ń fún mọ́ díìsìkì ló ń dá ọkọ̀ dúró, páànù ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹ wo ọ̀kadà tó ń lo díìsìkì, gbangba ni díìsìkì rẹ̀ wà, ó sì ń dúró. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje pàápàá a máa yọ ọ́ kí atẹ́gùn lè ráyè dé ara díìsìkì. Ṣùgbọ́n mọ́tò ìje kì í wọ ẹrẹ̀ òpópónà wa, wọ́n sì máa ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa kó tó tún jáde.

Kí wá ni páànù yìí ń ṣọ́? Ẹ jẹ́ ká tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí rọ́bà dúdú kékeré yìí? Òun ló bo báàlì jọ́ìnti, oríkèé irin tó ń jẹ́ kí táyà lè yà sọ́tùn-ún sósì; gíríìsì ló kún inú rẹ̀. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS náà rèé, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Alààyè, tí ẹsẹ̀ yín ò kúrò lórí búrẹ́ẹ̀kì, díìsìkì lè gbóná kọjá 300 dígírì. Bẹ́ẹ̀, 100 ni omi fi ń hó. Páànù ló ń gba ooru yẹn sára. Bí kò bá sí níbẹ̀, rọ́bà ni ooru máa bá. Kò ní yọ́ lọ́jọ́ kan o. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gan, yóò sán, gíríìsì á jò, iyanrìn á wọlé, báàlì jọ́ìnti á sì máa dún kó-kó-kó nínú gbogbo kòtò. Nígbà yẹn, ta ló máa rántí páànù tí wọ́n gé?

Páànù yìí tún ń dènà omi àti iyanrìn. Ti omi kọ́ ló ń dùn mí jù, torí páàdì máa ń nu omi kúrò kíákíá. Iyanrìn ni. Ojú díìsìkì tó kọjú sínú ló máa ń họ, ẹni tó bá sì ń wò ó láti ìta ò lè rí i.

Páànù náà ní wàhálà tirẹ̀ ṣá. Òkúta wẹ́wẹ́ lè há sáàárín òun àti díìsìkì, á wá máa pariwo. Tókunbọ̀ tó ti ìlú oníyìnyín wá tún lè dé pẹ̀lú páànù tó ti dógùn-ún rún, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀. Tírú ẹ̀ bá ti ń mì jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ yọ ọ́ kó tó há mọ́ díìsìkì, kí ẹ sì wá òmíràn. Ohun tí mẹkáníìkì ò ní tètè sọ fún yín ni pé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó di dandan kí wọ́n tú họ́ọ̀bù, irin àárín tí táyà so mọ́, kí tuntun tó lè wọlé, bẹ́ríìnì tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí sì lè bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fà á yọ. Ẹ yáa fi owó bẹ́ríìnì kún ìṣirò yín.

Ibì kan ṣoṣo ni mi ò ti gba àwíjàre kankan: ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ṣúù háńdìbúrẹ́ẹ̀kì rẹ̀, irin títẹ̀ tó ń di táyà mú tí ẹ bá fa háńdìbúrẹ́ẹ̀kì, wà nínú ikùn díìsìkì. Páànù tibẹ̀ nípọn, òun ló di ṣúù àti sípíríǹgì rẹ̀ mú. Bí mẹkáníìkì bá gbé ayùn débẹ̀, ẹ gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀.