Ohun Tí Èsì Àyẹ̀wò Àtọ̀ Lè Sọ fún Wa, àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

Bí tọkọtaya bá ti ń bára wọn lò déédéé fún ọdún kan láìfètò sọ́mọ bíbí, tí oyún kò sì dé, àwọn méjèèjì ló yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n sì lọ lákòókò kan náà. Bí ìyàwó bá ti pé ọmọ ọdún 35, oṣù mẹ́fà ti tó láti dúró. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń dà láàmú, ohun kan wà lára ọkọ tó ń fa ìdádúró náà, yálà òun nìkan ni o, tàbí ó pa pọ̀ mọ́ ti ìyàwó. Síbẹ̀, obìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kiri. Wọ́n á yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ọkọ ńkọ́. Ó dùn wá púpọ̀, nítorí àyẹ̀wò ti ọkọ kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò ní abẹ nínú, èsì rẹ̀ sì lè jáde lọ́jọ́ kan náà.

Àyẹ̀wò yìí rọrùn láti lọ ṣe, ṣùgbọ́n ó tún rọrùn láti bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti gbà pé àwọn kò lè bímọ nítorí àtọ̀ tó pẹ́ jù lójú ọ̀nà, tàbí nítorí ẹni tó kà á kò kà á tó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tòní fi dá lórí bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe dé orí ìwé èsì, àti ohun tó lè ba nọ́ńbà náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń yẹ̀ wò. Omi àpapọ̀ ni àtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń wá láti inú àpò kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀. Próstéètì, ẹ̀yà ara kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ló ń mú púpọ̀ nínú ìyókù wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ fúnra wọn, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin obìnrin, kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún omi náà. Ìyẹn ni kò fi sí bí ojú lásán ṣe lè mọ̀. Àtọ̀ lè funfun, kó ki, kó sì pọ̀, kí sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan má sí nínú rẹ̀. Bákan náà, agbára ọkùnrin lórí ibùsùn kì í ṣe ẹ̀rí pé àtọ̀ rẹ̀ lè fúnni lóyún. Ọ̀tọ̀ ni ti ibùsùn, ọ̀tọ̀ ni ti inú àtọ̀.

Kí àtọ̀ tó wọ inú ike

Ọkùnrin tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí kò gbọ̀dọ̀ da àtọ̀ rárá, ì báà jẹ́ nípa ìbálòpọ̀ tàbí lọ́nà mìíràn, fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ. Bí kò bá pé ọjọ́ méjì, omi náà àti iye sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ju ọjọ́ méje, àwọn tó ti gbó tó sì ti kú á kóra jọ, ìyára wọn lórí ìwé á sì lọ sílẹ̀. Kọ iye ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí o bá tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́jọ́ iwájú, iye ọjọ́ kan náà ni kí o fi sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì méjèèjì kò ní ṣeé fi wéra.

Kọ́kọ́ tọ̀, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti orí nǹkan ọmọkùnrin rẹ, ṣan ọṣẹ náà kúrò dáadáa, kí o sì nu ún gbẹ. Ike tí yàrá àyẹ̀wò fún ọ ni kí o lò, nítorí àwọn ike kan wà tí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n máa ń pa sẹ́ẹ̀lì àtọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń da á. Má lo itọ́, má lo ìpara, má lo òróró tàbí Vaseline, nítorí gbogbo wọn ló lè dá sẹ́ẹ̀lì dúró. Má lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù tí wọ́n ń tà káàkiri. Rọ́bà rẹ̀ àti kẹ́míkà tí wọ́n fi pa á lára léwu fún àtọ̀. Ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ da á lè béèrè irú kọ́ńdọ̀ọ̀mù kan tí wọ́n ṣe fún àyẹ̀wò yìí nìkan. Ká máa bá obìnrin lò lọ́wọ́ ká sì yọ ọ́ síta lójijì kò dára rárá, nítorí èyí tó kọ́kọ́ jáde ló máa ń ṣòfò.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Àtọ̀ kì í jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; díẹ̀díẹ̀ ló ń tú jáde, èyí tó sì kọ́kọ́ jáde ni sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí jù. Bí ìyẹn bá dà sílẹ̀, tí ìyókù wọ inú ike, èsì á sọ pé sẹ́ẹ̀lì kò pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló gba púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní yàrá àyẹ̀wò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibi àyẹ̀wò gan-an ló dára jù láti da á. Bó bá jẹ́ pé ilé lo ti dà á, ike náà yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì gbọ̀dọ̀ ju wákàtí kan lọ. Fi í sínú aṣọ níbi tó ti súnmọ́ ara, kó má tutù ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ, kó má sì gbóná ju 37 lọ. Má gbé e sí fíríìjì. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Kọ aago tó jáde sí ara ike.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i

Kété tí àtọ̀ bá jáde, á dì bí ògì tó jinná, lẹ́yìn náà ni èròjà kan láti inú próstéètì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó yẹ kó ti di omi. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 60 tí kò tíì tú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á wọn bó ṣe pọ̀ tó, ọ̀nà tó dára jù sì ni kí wọ́n gbé ike náà sórí òṣùwọ̀n, nítorí gíráàmù kan àtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlílítà kan, àti pé bí a bá ń dà á láti inú ike kan sí òmíràn, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara ike. Wọ́n á wo pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bó ṣe kan tó.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ẹ̀kán kékeré sábẹ́ màíkírósíkópù láti wo bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rìn. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín wọn sí: àwọn tó ń sáré lọ síwájú, àwọn tó ń rọra lọ síwájú, àwọn tó ń mira lójú kan láìkúrò níbẹ̀, àti àwọn tí kò mira rárá. Bí èyí tí kò mira bá pọ̀, wọ́n á fi aró pupa kan tí ń jẹ́ eosin sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á fa aró náà mu. Èyí tó wà láàyè kò ní gbà á. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni pé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè tí kò lè rìn, ìrù rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó níṣòro, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti èyí tó kú.

Kíkà ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á fi omi kan tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró là á, wọ́n á fi sínú gíláàsì onílà tó ní ìwọ̀n jíjìn, wọ́n á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán 200 sẹ́ẹ̀lì nígbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, wọ́n á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ka 25 péré, àṣìṣe tó lè wà nínú kíkà rẹ̀ tó nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ka 400, ó lọ sílẹ̀ sí bíi 5. Nítorí náà, bí ìwé èsì bá ń gbé nọ́ńbà tó rọ́bọ́tọ́ jáde ṣáá, 60 lónìí, 40 lọ́la, 50 fún ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn wò ó fìrí tí wọ́n sì fojú bù ú ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: sẹ́ẹ̀lì mélòó lẹ kà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kà á?

Kíka ìwé èsì

Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń lò wá láti inú ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 2021. Àwọn ààlà ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: omi, mìlílítà 1.4, sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà kan, mílíọ̀nù 16, àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì, mílíọ̀nù 39, àwọn tó ń mira, 42 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń lọ síwájú, 30, àwọn tó wà láàyè, 54, àwọn tí ìrísí wọn pé, 4. Ẹ̀dà 2010 yàtọ̀ díẹ̀, ó ní 1.5 fún omi, mílíọ̀nù 15 nínú mìlílítà kan, 40 fún àwọn tó ń mira, àti 32 fún àwọn tó ń lọ síwájú. Bí ìwé méjì bá gbé ààlà tó yàtọ̀ díẹ̀ jáde, ẹ má rò pé ọ̀kan ń parọ́.

Ibo ni wọ́n ti rí àwọn ààlà yìí? Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n kó jọ, wọ́n to èsì wọn láti orí èyí tó kéré jù, wọ́n sì fa ìlà síbi tí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn baba ọmọ wà lábẹ́ ìlà náà. Ọkùnrin tó ní mílíọ̀nù 12 kì í ṣe àgàn. Ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó wà lókè ìlà kò gba ìwé ẹ̀rí pé òun á bímọ. Nọ́ńbà 4 tó wà fún ìrísí máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà: wọ́n á ní 96 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì àwọn ló bàjẹ́. Bó ṣe rí lára ọmọ aráyé nìyẹn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo orí, ọrùn àti ìrù sẹ́ẹ̀lì ló le gan-an.

Ẹ má ṣe ka nọ́ńbà kan láìwo èkejì. Ọkùnrin kan ní mílíọ̀nù 10 nínú mìlílítà kan, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 5: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 50. Ẹlòmíràn ní mílíọ̀nù 30 nínú mìlílítà kan, omi rẹ̀ sì jẹ́ 0.8 péré: àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24. Ẹni kejì yìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ dà bí èyí tó dára, ló wà lábẹ́ ìlà.

Bí omi bá kéré, ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè ni bóyá díẹ̀ dà sílẹ̀, tàbí ọjọ́ kò pé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó yẹ ìtọ̀ tó tọ̀ lẹ́yìn tó da àtọ̀ wò, nítorí lára àwọn kan, pàápàá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ próstéètì fún, ẹ̀yìn ni àtọ̀ ń ṣàn sí, sínú àpò ìtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò náà tún wà. Sẹ́ẹ̀lì roboto tí wọ́n rí nínú àtọ̀ lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tí kò tíì gbó. Aró àkànṣe ló ń fi ìyàtọ̀ hàn, sẹ́ẹ̀lì funfun tó tó mílíọ̀nù kan nínú mìlílítà kan ló sì yẹ ká tọpinpin rẹ̀. Kòkòrò bíi Staphylococcus ń gbé lórí awọ ara gbogbo wa, ó sì lè ti ara ọwọ́ bọ́ sínú ike. Kí ọkùnrin tí nǹkan kan kò ro, tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kò pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan nítorí pé wọ́n rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ló fi hàn pé àìsàn ni.

Bí wọ́n bá kọ òdo

Kò sí yàrá àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ kọ azoospermia, ìyẹn ni pé kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú àtọ̀, sórí ìwé lẹ́yìn tó wo ẹ̀kán kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi àtọ̀ náà sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí fún ìṣẹ́jú 15, títí ohun tó wúwo á fi sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, kí wọ́n sì wá inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn dáadáa. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí wọ́n bá rí níbẹ̀ lè tó fún ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sínú ẹyin. Wọ́n á sì tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Bí òdo bá dúró, ọ̀nà tó dí ni, tàbí iṣẹ́ tí kóró ẹpọ̀n kò ṣe. Omi tó kéré tí pH rẹ̀ sì wà lábẹ́ 7.2 ń tọ́ka sí ọ̀nà tó dí nísàlẹ̀, tàbí sí ọkùnrin tí wọ́n bí láìní iṣan tó ń gbé àtọ̀ láti inú kóró. Omi tó pọ̀ tó, kóró tó tóbi dáadáa, họ́mọ́ọ̀nù FSH (èyí tí ọpọlọ fi ń rán kóró ẹpọ̀n níṣẹ́) tí kò ga: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà ló dí, bíi lẹ́yìn àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú. Kóró tó kéré pẹ̀lú FSH tó ga ń sọ pé iṣẹ́ ṣíṣe ló dúró, bóyá láti ìbí, bóyá lẹ́yìn ṣẹ́gẹdẹ̀ tó wọ ẹpọ̀n, bóyá lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Abẹ́rẹ́ testosterone (họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin) àti oògùn tí àwọn kan ń lò láti fi ki iṣan ara ń dá àtọ̀ dúró. Bí ọpọlọ bá rí i pé testosterone ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní rán kóró ẹpọ̀n níṣẹ́ mọ́, iye sẹ́ẹ̀lì sì lè já sí òdo. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ rẹ̀, ó sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ló ń gbà. Ọkùnrin tó ń wá ọmọ kò gbọ̀dọ̀ gba testosterone, ẹnikẹ́ni tó bá wù kó júwe rẹ̀ fún un.

Ìgbà tó yẹ ká tún un ṣe

Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó pé nínú kóró, ó sì tún ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó kọjá sínú àtọ̀. Ohun tí a ń wò lónìí ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ibà tó gbóná janjan ní oṣù tó kọjá lè sọ èsì tòní di kékeré. Nítorí èyí, èsì kan tí kò dára kò tó láti fi dájọ́. A ó tún un ṣe, ó kéré tán lẹ́yìn oṣù kan, bí ibà tàbí oògùn bá sì wà ńbẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èsì òdo nìkan ni a kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá, tàbí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú àpò ẹpọ̀n fún, kó má ṣe sáré lọ ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àtọ̀ àtijọ́ ni yóò ṣì bá níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ bá dókítà, ẹ kó gbogbo ìwé èsì dání, kì í ṣe èyí tó gbẹ̀yìn nìkan, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, aago tí àtọ̀ jáde, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ lò láàárín oṣù mẹ́fà, àgbo pẹ̀lú. Kí dókítà sì fi ọwọ́ yẹ kóró ẹpọ̀n wò. Bí a bá fọwọ́ kan kókó líle níbẹ̀, ìyẹn ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, ọ̀rọ̀ ọmọ á sì dúró dè é.