Sẹ̀gi Kò Gun Ràkúnmí Wá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ọ̀ṣọ́ dígí jọ, láti Venice ní Ítálì títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yà sí. Tí mo bá sì ti yà síbẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó wà láàárín ìka mi yìí. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Sẹ̀gi ni, ìlẹ̀kẹ̀ dígí wa. Lórí tábìlì, àwọ̀ aró ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sójú fèrèsé, kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá: ó ti di àwọ̀ ewé! (Arákùnrin kan níwájú ké “Háà!” Mi ò yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí “háà” yẹn ló ń sọ ènìyàn di ẹni tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ.) Ní nǹkan bí ọdún 1500, irú ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró báyìí, kòrì lórúkọ tí wọ́n pè é, ni àwọn Potogí ń rà ní Bìní, tí wọ́n ń gbé lọ Elmina ní etíkun Gánà, tí wọ́n fi ń gba wúrà.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun n'Ífẹ̀. Ó rí ìkòkò tí dígí ti yọ́ mọ́ inú rẹ̀. Kí ni baba wí? Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú àlọ́ àwọn Gíríìkì tí òkun bò mọ́lẹ̀, ló ṣe é! Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Wọ́n ní ràkúnmí ló gbé dígí gba aginjù wá, pé iṣẹ́ tiwa ò ju ká tún un yọ́. Ìyẹn ni pé a mọ iná dá, a ò mọ dígí ṣe.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ dígí náà wò fínnífínní, èròjà méjì pọ̀ nínú rẹ̀, láìmù àti àlúmínà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Dígí Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀, ti àwọn Lárúbáwá náà kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ilẹ̀ wa ló wà nínú rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola wa Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rí lé ní 12,000, àpáàdì ìkòkò ìyọ́gíláàsì lé ní 800. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sì rí irú dígí yìí ní Gao, ní Mali, létí aginjù. Ẹ ò rí i pé tí ràkúnmí bá gbé nǹkan, ti ọ̀dọ̀ wa ló gbé lọ!

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ àwọn kan níbí ń fi owó gidi ra ìlẹ̀kẹ̀ Venice, wọ́n sì fi sẹ̀gi ìyá wọn sínú agolo lásán.

Olùdarí ètò ti ń na ìwé sí mi. Kíákíá: 1291, Venice kó àwọn aṣegíláàsì rẹ̀ lọ sí erékùṣù Murano nítorí iná. Levin, oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ ní London, so àpẹẹrẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ páálí, ó wà ní British Museum dòní. Àwọn Masaga, aṣegíláàsì Nupe ní Bida, ń yọ́ ìgò ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ó tó.

Ìbéèrè kan péré la gbà. Màmá kan dìde, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ láti inú áńkáṣíìfù. “Ọmọ mi, àwọn oníṣòwò ní ayédèrú ni. Wò ó fún mi.”

Mo gbà á. Ó tutù létè mi, kì í ṣe rọ́bà. Dígí tí wọ́n fà gùn nígbà tó gbóná, bíi ti Ifẹ̀, róbótó afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń gùn tẹ̀lé ihò. Ti màmá kò ní róbótó. Ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ibi tí apá méjèèjì ohun tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti pàdé. Bohemia, ní ilẹ̀ Czech, ló ti wá. Mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í padà, wọ́n sì jókòó. “Sẹ̀gi ni,” ni wọ́n wí. “Ìyá mi ló pè é bẹ́ẹ̀.”