Ìsinmi Wà Nínú Iye Tí Ẹ Bá Pè

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, mi ò pe àlejò kankan, torí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ tán pátá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ freelance ni, ìyẹn kéèyàn máa dáṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ń gbọ́ mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn: mo máa ń to ojú ewé ìwé fún àwọn ilé ìtẹ̀wé, mo sì máa ń ya àwòrán èèpo ìwé. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò ní ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún mi.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ìgbà: báwo lẹni tó ń dáṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ ṣe ń ráyè sinmi? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ká tètè jí ni, tàbí ká pa fóònù lálẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé alẹ́ kọ́ la ti ń pinnu ìsinmi. Ọjọ́ tí oníbàárà bá bi yín pé "Èló lẹ máa gbà?" la ti ń pinnu rẹ̀. Iye tí ẹ bá pè lọ́jọ́ náà, àti àdéhùn tí ẹ bá kọ sílẹ̀, ló máa sọ bóyá ẹ máa rí oorun sùn nígbà tí iṣẹ́ bá wọra.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Ẹni tó ń gbowó oṣù, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, wákàtí 2,080 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ nilé iṣẹ́ ń sanwó lé lórí, àtọjọ́ tó lọ sinmi, àtọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, àti wákàtí tó fi jókòó sípàdé tí kò sọ nǹkan kan. Ẹni yìí wá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ dá dúró. Ó mú owó tó ń gbà lọ́dún, ó fi 2,080 pín in, ó ní iye tóun máa gbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan rèé. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kúrò fún ìsinmi. Ẹ yọ méjì fún àìsàn àti ọjọ́ ọdún. Ó ku ọ̀sẹ̀ 46. Tá a bá fi ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ṣírò rẹ̀, ọjọ́ 230 ni. Nínú wákàtí mẹ́jọ tó wà nínú ọjọ́ iṣẹ́ kan, mélòó ni oníbàárà ń sanwó lé? Èmi máa ń ka márùn-ún. Mẹ́ta tó kù ń bá ímeèlì lọ, ó ń bá invoice lọ, ìyẹn ìwé tá a fi ń béèrè owó iṣẹ́, ó ń bá wíwá iṣẹ́ tuntun lọ, ó ń bá ìṣirò owó orí lọ. Kò sẹ́ni tó máa san èyíkéyìí nínú ìyẹn. Márùn-ún lọ́nà 230, ó jẹ́ 1,150. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2,080 wò. Kí ẹ tó lè rí iye tí ẹ ń rí tẹ́lẹ̀, owó wákàtí yín gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlọ́po méjì. A ò sì tíì dárúkọ laptop tó máa bàjẹ́ tí ẹ máa fowó ara yín rà, tàbí owó ìfẹ̀yìntì tí kò sẹ́ni tó máa bá yín dá. Ní Amẹ́ríkà, owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, jẹ́ ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ló jọ ń pín in san ní ìdajì-ìdajì. Ẹni tó ń dáṣẹ́ ṣe ló ń san ìdajì méjèèjì.

Ẹni tó bá pe iye tó kéré, kì í mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Inú rẹ̀ á máa dùn pé òun ríṣẹ́. Nígbà tó bá tó bí oṣù mélòó kan, á rí i pé owó kò tó, á tún gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn ní iye kan náà. Bí òru ṣe máa di ọ̀sán nìyẹn, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú náà á dọjọ́ iṣẹ́. Àlàfo tó wà nínú owó yẹn, ara ló máa fi dí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo ti ara yẹn. Ìlera loògùn ọrọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ILO, jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára ẹni àkọ́kọ́ yẹn, ewu kí àìsàn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 ga. Wọ́n ní iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí èèyàn tó tó 745,000 lọ́dún 2016 nìkan. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú wa ń fi àìsùn yangàn, bí ẹni pé àmì ẹ̀yẹ ni, nọ́ńbà yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Àwọn tó ṣáájú wa jà kí wọ́n tó rí wákàtí ìparí iṣẹ́ gbà o. Àdéhùn àkọ́kọ́ pàá tí ILO ṣe lọ́dún 1919 dá lórí rẹ̀: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n ti gbà á. Àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ara wa, ọwọ́ ta la fẹ́ ti gbà á bí kò ṣe ọwọ́ ara wa? Ìwé àdéhùn sì nibi tá a ti ń gbà á.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nínú ìwé àdéhùn tèmi, mo máa ń kọ ọ́ pé ìdajì owó ni kí wọ́n san sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà, ìyẹn méjì, àti pé ìkẹta ní owó tirẹ̀. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí owó tó kù gbọ́dọ̀ wọlé. Mo sì máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí mo fi ń dáhùn ìwé, torí àwọn kan nínú àwọn oníbàárà mi, ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tó bá ń ṣú lọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí, aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá, ni ìwé wọlé látọ̀dọ̀ oníbàárà kan: "Nǹkan kékeré kan ló kù. A fẹ́ kí ẹ bá wa yí àwọ̀ ẹ̀yìn àwòrán yẹn padà, kí obìnrin inú rẹ̀ sì kọjú sápá ọ̀tún. Ṣé ó lè dé ọwọ́ wa kí ọjọ́ Ajé tó mọ́?" Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé obìnrin tó kọjú sápá òsì kì í ṣe ohun tí à ń yí bí ewé ìwé. Apá òsì ni mo ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà á lójú. Òjìji rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn. Orúkọ ìwé náà sì wà ní àyè tó ṣófo níwájú rẹ̀. Tí mo bá yí ojú rẹ̀, gbogbo ìyẹn ni mo máa tún yà. Òpin ọ̀sẹ̀ mi lódindi nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo dáhùn, bó ṣe wà nínú àdéhùn. Mo ní: "Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti lo àtúnṣe méjèèjì tó wà nínú àdéhùn wa, ìkẹta rèé. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló máa gbà, iye rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo fi mọ́ ọn. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí, ó máa dé ọwọ́ yín lọ́jọ́rú." Kò pẹ́ tí èsì fi dé: kí n fi obìnrin náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n yí àwọ̀ nìkan. Àwọ̀ yẹn kò gbà mí ní wákàtí kan, mi ò sì gbowó rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ìbínú. Nígbà tí owó ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun nílò rẹ̀ lóòótọ́.

Ti àwọn tó ń fi owó falẹ̀ ńkọ́? Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ti wà láti 1998 tó fún yín láyè láti gba èlé lórí owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ kan kò tètè san: iye èlé tí Bank of England, báǹkì àpapọ̀ wọn, bá ń lò, pẹ̀lú ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ní ìlú New York, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017 tí wọ́n ń pè ní Freelance Isn't Free: ìwé àdéhùn di dandan tí iṣẹ́ bá ti tó 800 dọ́là, tí àdéhùn kò bá sì dárúkọ ọjọ́, owó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Ẹ wádìí èyí tó wà níbi tí ẹ ń gbé. Ṣùgbọ́n òfin kì í lọ bá èèyàn gba gbèsè fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó yẹ kí owó wọlé, mo máa ń fi ìwé pẹ̀lẹ́tù ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo máa pè wọ́n lórí fóònù. Tí iṣẹ́ wọn míì bá ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo máa dá a dúró, màá sì sọ fún wọn pé mo ti dá a dúró.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ wá kàwé nílẹ̀ òkèèrè: ẹ ka ìwé ìwọ̀lú yín dáadáa kí ẹ tó gba iṣẹ́ kankan báyìí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, kò gbà kéèyàn máa dáṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pàdánù ibi tó ń gbé.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Mi ò kì í jẹ́ kí oníbàárà kan ṣoṣo kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún mi lọ́dún. Ẹni tó bá ní gbogbo owó yín lọ́wọ́, ọ̀gá yín ló jẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò fún yín ní líìfù. Owó tó bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń yọ ti owó orí sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì mìíràn. Mo sì ń tọ́jú iye tó lè gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù mẹ́fà. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí n lè sọ pé "Rárá, ẹ ṣeun" nígbà tí iye tí wọ́n pè kò bá tó, kí n má sì gbọ̀n.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nípa àwa tí à ń ṣiṣẹ́ kan náà. A máa ń fi iye tí à ń gbà pa mọ́ fún ara wa. Ọ̀dọ́ kan máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n á ní "Ó dá lórí bí iṣẹ́ bá ṣe rí." Ta ló ń jàǹfààní ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún wa ni. Àwọn mọ iye tí olúkúlùkù wa ń gbà, àwa la ò mọ̀. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi, tó sì ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń sọ iye náà fún un ní tààrà, pẹ̀lú bí mo ṣe ṣírò rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà àtijọ́, òun ló sì nira jù fún mi. Ẹni tó ti mọ̀ yín nígbà tí iye yín ṣì kéré, báwo lẹ ṣe máa sọ fún un pé ó ti yí padà? Mo ní ọ̀kan báyìí, èèyàn dáadáa ni, ó máa ń sanwó lásìkò, kò sì fi ìgbà kankan wọ́ mi nílẹ̀. Iye tó ń san fún mi ti kéré sí ohun tí wákàtí mi ń ná mi. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé sí i. Mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa dárúkọ iye tuntun náà láìsọ àsọdùn, màá sì sọ pé iṣẹ́ tó bá wọlé láàárín oṣù méjì sí i, iye àtijọ́ ni. Mi ò ní tọrọ àforíjì nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ bí ẹ ṣe kọ ọ́ àti èsì tí wọ́n fún yín. Màá gbé e sáfẹ́fẹ́ nígbà tá a bá tún pàdé, èmi náà á sì ka èsì tèmi fún yín. Ó dàbọ̀ ná.