Ẹ Bi Ará Inú Ẹ̀wọ̀n Léèrè

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ojúmọ́ o, a ò jí bí? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tòwúrọ̀ yìí wà nínú Hébérù 13:3, níbi tí a ti ní ká máa rántí àwọn onídè bí ẹni tí a dè pẹ̀lú wọn.

Abilékọ ọlọ́mọ ni Elizabeth Fry, ọmọ ìjọ Quaker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1813 ló kọ́kọ́ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ̀rù ìyẹ̀wù àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ba àwọn wọ́dà pàápàá. Ẹni tó jalè, ẹni tí adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ìyá tòun tọmọ ọwọ́, ojú kan náà ni wọ́n há wọn mọ́. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ kó lọ bá wọn.

Ohun tó ṣe nígbà tó padà lọ ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kò dé kó máa pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló bá àwọn ìyá wọ̀nyẹn sọ, ìyá sí ìyá, wọ́n sì jọ dá ilé ìwé sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Àárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n gan-an ni wọ́n ti yan tíṣà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣòfin ní 1817, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin náà sì ń nawọ́ pé àwọn fara mọ́ ọn. Ẹni tí ayé ti kọ̀, ẹnì kan ń bi í pé kí lèrò rẹ! Ẹ wò ó, ọ̀wọ̀ lèyí o. Ní 1818, ó lọ jẹ́rìí nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin.

Àwa ará Ìbàdàn ńkọ́? À ń gba Agodi, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, kọjá láàárọ̀, lálẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ wa ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Bí Kérésì bá dé, a ó kó búrẹ́dì àti ọṣẹ lọ, a ó wàásù, a ó ya fọ́tò. Kò tó, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n. Lọ́yà ni ẹnì kan ń wá. Ẹlòmíì fẹ́ ká bá òun dé Bẹẹrẹ, ká sọ fún ìyá òun pé òun wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, gbogbo ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀, dìde gbèjà wọn lónìí. Àmín.

Ọmọ tó ń dàgbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú túbú, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀wọ̀n di ìpín rẹ̀. Àmín.

Ẹni tó jẹ̀bi tó sì ti ronú pìwà dà, jẹ́ kó rílé padà sí. Àmín.

Olúwa, fún wa lẹ́sẹ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àti etí tí yóò gbọ́ wọn. Lórúkọ Jésù. Àmín.