Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ẹjọ́ Tí Wọ́n Ti Dá Kí Wọ́n Tó Gbọ́ Ọ

Àsàlámù alaekumu, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún jẹ́ ká rí Jímọ̀ òní.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orúkọ Umar al-Mukhtar, olùkọ́ kéwú tó ṣíwájú àwọn ará Líbíà nínú ogun òmìnira tí wọ́n bá Ítálì jà. Ọdún 1911 ni Ítálì ya wọ ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931 ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nítòsí Slonta, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ẹṣin lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Àwọn aáfà máa ń sọ nípa ìgboyà rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹjọ́ tí wọ́n fi pa á ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ọjọ́ 15 oṣù náà, aago 5 ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e dé iwájú àwọn adájọ́ ológun ní Benghazi, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Ítálì. Ìjọba tí kò tẹrí ba fún rí! Umar kò sẹ́ pé òun jagun. Ó ní òun kò juwọ́ sílẹ̀ fún Ítálì rí. Kò ju nǹkan bíi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 lọ tí gbogbo rẹ̀ fi parí, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde ni: Innā lillāhi wa innā ilayhi rājiʿūn, ìyẹn ni pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó sì padà sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé kí adájọ́ kankan tó jókòó, Badoglio tó jẹ́ gómìnà Líbíà ti tẹ wáyà sí Graziani, igbákejì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe ẹjọ́ náà bí òfin ṣe wí, pé ó dájú pé ikú ni yóò já sí, kí wọ́n sì pa á nínú ọ̀kan lára àwọn àgọ́ tí wọ́n kó ará ìlú sí. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀, olùjẹ́jọ́ ló kù. Lọ́jọ́ kejì, ní àgọ́ Suluq, wọ́n yẹgi fún un lójú nǹkan bí 20,000 èèyàn tí wọ́n fipá kó jọ. Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó nǹkan bí 100,000 ọmọ ilẹ̀ náà sí, tọmọdé tàgbà, tí ebi àti àrùn pa wọ́n lọ bẹẹrẹ.

Nínú yàrá ẹjọ́ yẹn, sójà Ítálì kan wà, Kápítẹ́nì Roberto Lontano. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọmọ ogun tó ń bá Umar jà ni, òun sì ni wọ́n ní kó gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Bóyá wọ́n rò pé yóò kàn sọ gbólóhùn méjì, yóò jókòó. Ọkùnrin náà gbèjà rẹ̀ dé ojú àmì: ẹni tí kò fìgbà kankan gbà láti wà lábẹ́ Ítálì, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ Ítálì? Jagunjagun tí ọwọ́ tẹ̀ ni. Wọ́n fi í sí àtìmọ́lé ọjọ́ 10, wọ́n ní ó ṣàánú olùjẹ́jọ́ jù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run sọ fún àwa tá a gbàgbọ́, nínú Súrà al-Māʾidah, àáyà 8: ẹ má jẹ́ kí ìkórìíra àwọn èèyàn kan tì yín débi tí ẹ ò fi ní ṣe déédé, ẹ ṣe déédé, òun ló súnmọ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́run jù. Nígbà tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ń rán Ali lọ ṣe adájọ́ ní Yẹ́mẹ̀n, ó kìlọ̀ fún un pé bí ẹni méjì bá jókòó síwájú rẹ̀, kó má dájọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnì kejì bó ṣe gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́.

Ṣé a ń ṣe é? Ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti fẹnu kò sí nínú yàrá kí wọ́n tó pe ìyàwó jáde sí pálọ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tó ti kọ lẹ́tà ìdádúró kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá ń dúró dè yín lẹ́yìn ìrun òní, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ bínú sí sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó fẹnu kò. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe yín bíi ti Lontano, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ rí òótọ́ níbẹ̀, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run kẹ́ Umar al-Mukhtar àti gbogbo àwọn tó kú sínú àgọ́ wọ̀nyẹn. Āmīn.