Iyọ̀ Inú Ife, Iyọ̀ Inú Odò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máíkì lónìí. Òjò London ò jẹ́ n jáde, ni ọkàn mi bá sá lọ sí Bangkok, níbi tí mo ti kàwé kí n tó dé ìlú òyìnbó.

Ní Tháílándì, ọ̀rọ̀ méjì kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ yunifásítì: bun àti bap. Bun ni èrè tí oore ń tò jọ fún ẹni tó ṣe é. Bap, ká ṣáà pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kò sí adájọ́ tó jókòó sókè, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀ pé kó forí jì yín. Ohun tẹ́ ẹ bá gbìn lẹ ó ká, bóyá láyé yìí, bóyá láyé tẹ́ ẹ máa tún wá.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń pè mí ní "phi". Ẹ̀gbọ́n nìyẹn o! Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Lọ́jọ́rú kan, oorun gbé mi lọ, mo bá tẹ̀ ẹ́ láago pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá sí kíláàsì. Ó bá mi ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà ò tíì lù, mo bá a lẹ́bàá títì, ó ti bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Mọ́ńkì kan, ìyẹn ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ jìn fún ẹ̀sìn Búdà, tó wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn, tí òun náà ò wọ bàtà, ṣí abọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì rọra gbé ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n dì sínú ọ̀rá síbẹ̀. Mọ́ńkì ò ní "o ṣé". Ẹni tó fúnni ló ń jèrè, kí ni wọ́n tún fẹ́ dúpẹ́ ẹ̀ fún?

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ṣé rìbá lò ń san?" Ó ní rárá, bap kì í pa rẹ́. Ó wá pa òwe Búdà kan fún mi: bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú ife omi, kò ní ṣeé mu. Da iyọ̀ yẹn náà sódò Ganges, odò ńlá ilẹ̀ Íńdíà, ta ní máa mọ̀? Iyọ̀ ò lọ síbì kankan. Omi ló pọ̀.

N ò ní purọ́ fún yín, mo rí àwọn tó jẹ́ pé ìdánwò ku ọ̀la kí wọ́n tó sáré ra ẹyẹ, kí wọ́n tú u sílẹ̀ torí bun. Ẹnì kan ṣáà ló kọ́kọ́ lọ fi okùn mú ẹyẹ yẹn! Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí JAMB rí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Ibi tẹ́nu mi ti wọhò ni ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Òkú tí wọ́n ń là fi kọ́ṣẹ́, wọn kì í pè é lókùú. "Ajarn yai" ni wọ́n ń pè é, olùkọ́ àgbà. Ẹni náà ló fi ara rẹ̀ tọrẹ kó tó kú, bun ńlá sì ni. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé òdìkejì yàrá mi mọ orúkọ ìyá àgbà tó fi kọ́ṣẹ́. Kó tó mú ọ̀bẹ, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á tẹrí ba, á tọrọ gáfárà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, tí wọ́n fẹ́ sun òkú náà, àwọn ọmọ ìyá yẹn ní kó wá jókòó ti àwọn. Ó ní òun ò mọ ohun tóun máa sọ. Òun ti gbé ọkàn ìyá wọn lọ́wọ́ rí.

Bí àwọn mọ́ńkì ṣe ń kéwì, ó ń da omi díẹ̀díẹ̀ láti inú ìgò kékeré sínú abọ́, kí bun rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Lẹ́yìn náà ló lọ da omi yẹn sídìí igi. Omi tútù tí bàbá àgbà mi máa ń ta sílẹ̀ lójú oórì ni mo rántí.

Ti ọjọ́rú yẹn ṣì wà nílẹ̀ o. N ò tíì sọ fún olùkọ́ wa títí dòní.